Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìfọwọ́sí fún Olùpèsè Ọjà Tuntun ní Ilé Oúnjẹ Franchise Yín

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ gba franchise ilé oúnjẹ, ìyẹn àṣẹ láti máa lo orúkọ àti ìlànà olú iléeṣẹ́ oúnjẹ kan: "Ẹni tí olú iléeṣẹ́ ní ká máa ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ti tún gbé owó lé e. Mo ti rí ẹlòmíì tí ọjà rẹ̀ dára tí kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa rà á láì dá wàhálà sílẹ̀?"

Ó ṣe é ṣe. Àmọ́ ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn èèyàn ń kọ sí olú iléeṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í já sí nǹkan kan, torí pé owó nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Owó yín kọ́ ló ń ká olú iléeṣẹ́ lára jù. Nǹkan méjì ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni kí oníbàárà jẹ adìẹ ní ṣọ́ọ̀bù yín n'Íbàdàn, kó tún jẹ òmíràn n'Íkẹjà, kí adùn rẹ̀ má bára mu. Èkejì, tó burú jùyẹn lọ, ni kí ẹnì kan jẹun tán kó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹni tó bá fi ìwé àti ẹ̀rí pa ẹ̀rù méjèèjì yìí ló ń rí ìfọwọ́sí gbà. Iṣẹ́ náà sì pọ̀ ṣáájú lẹ́tà ju ẹ̀yìn lẹ́tà lọ.

Nàìjíríà ni mo gbé ìtọ́sọ́nà yìí kà. Apá kan wà nísàlẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é ní Amẹ́ríkà.

Ẹ kọ́kọ́ pín ọjà yín sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ mú ìwé gbogbo ọjà tí ẹ ń rà lóṣooṣù, kí ẹ̀yin àti máníjà yín jókòó tì í. Ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ máa bọ́ sí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí:

1. Ọjà àṣírí. Èròjà amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n ti pò pọ̀, ọbẹ̀ inú sáṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń bo adìẹ kí wọ́n tó dín in, páálí àti ife tó ní àmì iléeṣẹ́ lára. Ẹ fi èyí sílẹ̀. Adùn yìí gan-an ni ẹ sanwó franchise lé lórí.
2. Ọjà olóṣùwọ̀n. Adìẹ, òróró, pòtétò díndín, búrẹ́dì bọ́gà, ìrẹsì. Olú iléeṣẹ́ ti kọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí sílẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀ lè wọlé, bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ibí ni iṣẹ́ wa wà.
3. Ọjà ọwọ́ yín. Àlùbọ́sà, ata tútù, gáàsì, ìgbálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn fi èyí lé yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún yẹ ọṣẹ àti kẹ́míkà tí ẹ fi ń fọ kíṣìnnì wò dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ olú iléeṣẹ́ ń kà á mọ́ ààbò oúnjẹ.

Ẹ mú ẹyọ ọjà kan péré nínú ìsọ̀rí kejì. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó má jẹ́ adìẹ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni owó ti ń jáde jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ewu ti pọ̀ jù, olú iléeṣẹ́ ò sì tíì mọ irú èèyàn tí ẹ jẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi òróró tàbí ìrẹsì bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá rí i pé ìwé yín pé, tí ọjà náà ò sì dá wàhálà kankan sílẹ̀, ẹ lè wá gbé ti adìẹ dé.

Ohun tí ẹ máa wá nínú ìwé àdéhùn

Ẹ ka ìwé àdéhùn, kí ẹ sì ka ìwé ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fún yín pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà yẹn ni ọ̀pọ̀ òfin nípa ríra ọjà máa ń fara sin sí, ìwé àdéhùn á sì ti sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wá ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yìí:

- Ṣé àyè wà láti dábàá olùpèsè tuntun, àbí wọ́n ti dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo fún ọjà náà?
- Ta ni ẹ máa kọ̀wé sí, ṣé lẹ́tà ni àbí ímeèlì?
- Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ara wọn láti dáhùn?
- Bí wọn ò bá dáhùn títí ọjọ́ náà fi kọjá ńkọ́?
- Ta ló máa sanwó láàbù, ọkọ̀ àti ibùsùn àwọn tó máa lọ yẹ ibi iṣẹ́ olùpèsè wò?
- Kí ni ìyà ẹni tó bá ra ọjà níbi tí wọn ò fọwọ́ sí?
- Ṣé olú iléeṣẹ́ ń gba owó kankan padà lọ́wọ́ olùpèsè tó wà níbẹ̀ báyìí, àbí àwọn gan-an ló ni iléeṣẹ́ olùpèsè náà?

Ìbéèrè kẹrin ló ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí páńpẹ́. Ẹ má rò pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn franchise, bí wọ́n bá dákẹ́ títí àkókò fi kọjá, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n kọ̀. Títí tí ẹ fi máa rí ìwé gbà pé wọ́n ti fọwọ́ sí i, ọ̀dọ̀ ẹni àtijọ́ ni kí ẹ ti máa rajà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn náà ṣe pàtàkì. Bí owó bá ń padà sápò olú iléeṣẹ́ lórí gbogbo páálí tí ẹ ń rà, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ "ó máa dín owó kù fún mi" kò ní dùn létí wọn. Ẹ ò ní kọ ìyẹn sínú lẹ́tà o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ohun tó wà nílẹ̀, ẹ ó sì mọ bí ẹ ṣe máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ pé òkè òkun ni orúkọ franchise yín ti wá, tí iléeṣẹ́ kan ní Nàìjíríà sì ń ṣojú fún wọn, ẹ mọ̀ pé ìpele méjì ni ìwé yín máa gbà kọjá. Ẹni tó wà l'Ékòó lè fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kó má sì ní àṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ẹ ṣe máa mọ olùpèsè tó kájú ẹ̀

Ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kàn ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì tó ń tà á fún yín kò lè gba àyẹ̀wò yìí kọjá, torí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà náà gan-an ni olú iléeṣẹ́ máa fẹ́ rí.

*Adìẹ.* Ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó adìẹ dídì wọlé láti òkè òkun. Síbẹ̀ èyí tí wọ́n ń gbé gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wọlé pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ sì máa ń fani mọ́ra. Ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó rí. Oko tí ẹ lè tọ́ka sí, tí wọ́n ti ń pa adìẹ níbi tó mọ́, tí wọ́n ní fírísà àti ọkọ̀ tó ń mú nǹkan tutù, ni kí ẹ wá. Ọ̀yọ́ àti Ògùn ní irú wọn. Ìwọ̀n òtútù tí ẹ máa bèèrè fún adìẹ dídì ni -18°C, láti fírísà wọn títí dé ẹnu ọ̀nà yín. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iná bá lọ: jẹnẹrétọ̀ mélòó ni wọ́n ní, ta ló ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀, ìwé náà dà? Ẹ béèrè pẹ̀lú pé kí ni wọ́n ń ṣe tí ọkọ̀ bá há sínú gòsíló lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti ronú kan ọ̀rọ̀ náà rí ò ní pẹ́ kó tó dáhùn.

*Òróró.* Nọ́ńbà NAFDAC gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà máa parí, torí pé ọdún 5 ni wọ́n ń fún un. Òfin ilẹ̀ wa ní kí wọ́n fi fítámì A sínú òróró. Láti ọdún 2022 sì ni ìlànà NAFDAC ti sọ pé ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń pè ní trans fat kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá. Ẹ gba èsì láàbù tó sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán an wò nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń dín nǹkan: ọjọ́ mélòó ló lò kó tó dúdú, kó tó máa hó, kó tó máa yọ èéfín? Òróró tí owó rẹ̀ kéré tí ẹ ń dà nù lọ́jọ́ kẹta lè wọ́n ju èyí tó lo ọjọ́ márùn-ún lọ.

*Pòtétò.* Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ lo pòtétò Jos dípò èyí tí wọ́n kó láti òkè òkun, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pòtétò ló ṣeé dín. Èyí tí ṣúgà inú rẹ̀ bá pọ̀ máa dúdú nínú òróró kí inú rẹ̀ tó jinná. Bí wọ́n bá sì tọ́jú pòtétò tútù síbi tó tutù jù, bíi nínú fíríìjì, ṣúgà inú rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Torí náà ẹ béèrè irú èso tí wọ́n gbìn, bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, àti bóyá wọ́n lè rí irú kan náà fún yín yípo ọdún. Ìbéèrè kẹta yẹn ló máa ń le jù, ẹ má sì gba "bẹ́ẹ̀ ni" lásán lẹ́nu wọn.

Ìwé tí olùpèsè gbọ́dọ̀ lè kó sílẹ̀ láì jáfara:

- ìwé CAC àti ìwé owó orí
- ìwé NAFDAC fún gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ti dì
- ìlànà HACCP tí wọ́n ń tẹ̀ lé, èyí tó ń sọ ibi tí ewu lè gbà wọ inú oúnjẹ àti bí wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ISO 22000, ẹ̀rí àgbáyé lórí ààbò oúnjẹ, ó dára púpọ̀
- èsì láàbù tí kò tíì pẹ́, láti láàbù tó ní ẹ̀rí ISO 17025, tó fi hàn pé àyẹ̀wò wọn ṣeé gbára lé (àjọ NiNAS ló ń fún láàbù ní irú ẹ̀rí yìí ní Nàìjíríà)
- ìwé ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ
- ínṣọ́ránsì, ní pàtàkì èyí tó máa sanwó bí ọjà wọn bá ṣe èèyàn léṣe
- ìwé halal, bí ṣọ́ọ̀bù yín bá ń sọ fún oníbàárà pé halal ni ẹran

Ẹ ṣírò owó náà bó ṣe rí gan-an

Iye tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni iye tí ẹ ń ná. Ká sọ pé ẹni àtijọ́ ń ta páálí adìẹ kílò 10 ní ₦52,000, tí ẹni tuntun ń tà á ní ₦47,000. Ẹ yọ́ páálí kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bí ti àtijọ́ bá kù ní kílò 9.6, ₦5,417 ni kílò kan. Bí ti tuntun bá kù ní kílò 8.5, ₦5,529 ni. Ẹni tó dà bíi pé ó fi ₦5,000 dín owó ló wá wọ́n jù yẹn, torí pé omi dídì lẹ fowó rà. Ẹ tún fi owó ọkọ̀ kún un, àti owó ọjà tó bàjẹ́, àti ọjọ́ tó máa fún yín láti sanwó. Ẹni tó bá gba owó lójú ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó fún yín ní ọjọ́ 30.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí ṣáájú ohun gbogbo. Bí èrè ibẹ̀ kò bá nípọn, ẹ dúró níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìfọwọ́sí

1. Ẹ kọ̀wé ṣókí sí olú iléeṣẹ́ pé ẹ fẹ́ dábàá olùpèsè fún ọjà báyìí-báyìí, kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù àti ìwé òṣùwọ̀n ọjà náà ránṣẹ́. Ìwé òṣùwọ̀n ló ń sọ bí ọjà ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀wọ̀n tó, bó ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.
2. Ẹ má tíì fi ìwé òṣùwọ̀n náà han olùpèsè. Àṣírí olú iléeṣẹ́ ni. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ìwé ìpàṣírímọ́ tí olùpèsè máa kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀. Ẹni tó bá fò ìgbésẹ̀ yìí ti rú àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀.
3. Bí olùpèsè bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bá a ka òṣùwọ̀n náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kó sọ èyí tó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Bí ó bá ní "kò sí ìṣòro" sí gbogbo rẹ̀ láì béèrè ohunkóhun, ẹ fura.
4. Ẹ gba gbogbo ìwé tí mo kà sókè yẹn. Ẹ wo déètì ọ̀kọ̀ọ̀kan.
5. Ẹ gbé ọjà rẹ̀ lọ sí láàbù, ó kéré tán láti inú ọjà tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó dára ò fi hàn pé gbogbo wọn dára. Bó bá jẹ́ adìẹ, ẹ ní kí wọ́n yẹ Salmonella wò, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn inú.
6. Ẹ dán adùn rẹ̀ wò láì sọ èwo ni èwo. Mo máa ṣàlàyé èyí nísàlẹ̀.
7. Ẹ kọ lẹ́tà àbá, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀rí pọ̀ sínú fáìlì kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ìwé àdéhùn dárúkọ. Ẹ gba ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn. Ọjọ́ náà ni kíka ọjọ́ bẹ̀rẹ̀.
8. Ẹ múra olùpèsè sílẹ̀ fún àwọn olùbẹ̀wò. Ẹ bá a rìn yí ibi iṣẹ́ ká ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú: ibi ìfọwọ́, àwọ̀n ojú fèrèsé, ìwé ìwọ̀n òtútù, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ẹ ní kó gbé ọjà kan, kó sì fi ìwé tọ́ka sí oko àti ọjọ́ tó ti wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.
9. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìdánwò ní ṣọ́ọ̀bù kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ kọ gbogbo ọjà tí ẹ dá padà sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ pẹ́, gbogbo oníbàárà tó ráhùn, títí kan èyí tí kò dùn mọ́ yín nínú láti kọ.
10. Ẹ gba ìfọwọ́sí ní kíkọ. Kó dárúkọ ọjà náà, ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, ṣọ́ọ̀bù tó kàn, àti ìgbà tó máa parí. "Ẹ máa bá a lọ" lórí WhatsApp kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Bí ẹ ṣe ń ṣe ìdánwò àwo mẹ́ta

Ẹ wá èèyàn 24 tó mọ adùn oúnjẹ yín dáadáa. Ẹ gbé àwo mẹ́ta tí ojú wọn jọra síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, méjì jẹ́ ọjà kan náà, ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn, kí ẹni tó gbé e wá pàápàá má mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Kí ẹni náà tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Bí wọ́n bá kàn ń méfò, nǹkan bí ẹni 8 ló máa gbà á. Bí ẹni 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá gbà á, ìyàtọ̀ wà lóòótọ́, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ olùpèsè kó tó di pé olú iléeṣẹ́ fúnra wọn rí i.

Ẹ dín méjèèjì nínú òróró kan náà, fún ìṣẹ́jú kan náà, kí ẹ sì gbé wọn wá bí wọ́n ṣe gbóná dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ti tutù, ohun tí ẹ ń dán wò kọ́ ni ẹ ń dán wò mọ́. Bákan náà, ẹ fi àwo kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sínú páálí tí oníbàárà ń gbé lọ sílé, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Ọ̀pọ̀ pòtétò tó dùn lójú ẹsẹ̀ ló máa ń rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ nínú páálí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú lẹ́tà

Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ máa fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó tò nìyí. Ojú ìwé kan tó.

- Ìpínrọ̀ kìíní: ọjà wo, olùpèsè wo, ṣọ́ọ̀bù wo, àti apá ìwé àdéhùn tó fún yín láyè láti béèrè.
- Ìkejì: bí ọjà náà ṣe bá òṣùwọ̀n mu, pẹ̀lú èsì láàbù àti ìdánwò àwo mẹ́ta.
- Ìkẹta: bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo oúnjẹ, láti oko títí dé ẹnu ọ̀nà yín.
- Ìkẹrin: àǹfààní rẹ̀ fún gbogbo àwọn tó ń lo orúkọ náà. Kó má jẹ́ fún ẹ̀yin nìkan.
- Ìkarùn-ún: ohun tí ẹ ń béèrè gan-an, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe wí.

Nínú ìpínrọ̀ kẹrin, mo rọ̀ yín kí ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lé ẹni àtijọ́ lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹni kejì wà ní ìmúrasílẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn olú iléeṣẹ́ gan-an sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti jẹ́ kan ṣoṣo. Lóṣù kejì ọdún 2018, KFC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ pínpín ọjà wọn lé iléeṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó lé ní 600 nínú nǹkan bíi 900 ṣọ́ọ̀bù wọn tó ti ilẹ̀kùn pa, torí pé adìẹ ò dé. Lóṣù kìíní ọdún 2022, pòtétò díndín tán ní KFC ní Kenya nítorí pé ọjà orí omi pẹ́, inú sì bí àwọn ará ìlú gidigidi, torí pé àgbẹ̀ wọn ń gbin pòtétò lọ́pọ̀ yanturu. Àlàyé iléeṣẹ́ náà ni pé olùpèsè kankan ò lè wọlé láì gba àyẹ̀wò wọn kọjá, wọn ò sì lè fo àyẹ̀wò náà dá nítorí pé ọjà tán. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yín nísinsìnyí tí ọjà ṣì wà.

Àwọn àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́

*Ríra ọjà kí ìfọwọ́sí tó dé.* Èyí ló burú jù. Bí olùbẹ̀wò bá bá páálí kan péré nínú fírísà yín, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí olùpèsè, ó ti di ti rírú àdéhùn, wọ́n sì lè gba franchise náà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọjà wá fún àyẹ̀wò láàbù tàbí ìdánwò adùn, ẹ fi ìwé sọ fún wọn, ẹ sì kọ "ìdánwò, kì í ṣe fún títà" sára páálí náà.

*Gbígbé olùpèsè mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà.* Ó máa dà bíi pé ẹ kò tíì mọ èyí tí ẹ fẹ́.

*Olùpèsè tí agbára rẹ̀ ò tó.* Ó lè gbé ọjà fún ṣọ́ọ̀bù yín kan, ṣùgbọ́n nínú oṣù Kejìlá ńkọ́? Ẹ béèrè iye tó ń ṣe lọ́sẹ̀, àti iye tó ti ṣèlérí fún àwọn ẹlòmíì tẹ́lẹ̀.

*Olùpèsè tó jẹ́ ẹbí yín.* Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ síta nínú lẹ́tà. Bí wọ́n bá fúnra wọn rí i lẹ́yìn náà, wọn ò ní gba ìwé kankan gbọ́ lọ́wọ́ yín mọ́.

*Gbígba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olùpèsè.* Kí máníjà yín náà má gbà á. Ẹni tó bá ti jẹ dòdò rẹ̀ ò ní lè dá ọjà tó bàjẹ́ padà fún un.

Bí wọ́n bá kọ̀

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tó ṣeé tún ṣe, bí ìwé ìwọ̀n òtútù tí kò pé, ẹ tún un ṣe kí ẹ padà wá. Ọ̀pọ̀ ìfọwọ́sí ló jẹ́ pé ìgbà kejì ni wọ́n tó rí i gbà.

Bí ó bá jẹ́ pé wọn ò kàn fẹ́, àwọn ọ̀nà mìíràn nìyí:

- Ẹ fi ìṣirò yín bá olùpèsè àtijọ́ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ olú iléeṣẹ́. Nígbà míì, ẹ̀rí pé ẹlòmíì lè ṣe é ní owó tó kéré ti tó láti mú kí ẹni àtijọ́ já owó wálẹ̀. Bí ó bá já a, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.
- Ẹ wá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ń lo orúkọ kan náà. Lẹ́tà ẹni mẹ́jọ ò lè dà bíi lẹ́tà ẹnì kan.
- Ẹ béèrè fún ìfọwọ́sí pàjáwìrì: pé ìgbà tí ọjà bá tán lọ́dọ̀ ẹni àtijọ́ nìkan ni ẹ máa lò ó.
- Ẹ ní kí olú iléeṣẹ́ fúnra wọn forúkọ olùpèsè náà sílẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ògo rẹ̀ á jẹ́ tiwọn. Kò yẹ kí ìyẹn dùn yín.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà ní Nàìjíríà, àjọ FCCPC ló sì ń mójú tó o. Ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà kankan. Ẹni tó bá fi àjọ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú olú iléeṣẹ́ ṣì máa bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún tí àdéhùn kù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà

Ọ̀nà yín là díẹ̀ ju tiwa lọ. Òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òwò níbẹ̀, sọ pé ẹni tó fẹ́ ta franchise gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé FDD, tó ń tú gbogbo ọ̀rọ̀ franchise náà síta, ó kéré tán ọjọ́ 14 kí ẹ tó tọwọ́ bọ àdéhùn tàbí kí ẹ tó sanwó. Ìsọ̀rí 23 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí Item 8, ìyẹn ìsọ̀rí kẹjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí bóyá ẹ lè lo olùpèsè mìíràn, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó tí wọ́n ń gbà, àkókò tí wọ́n fi ń dáhùn, àti owó tí àwọn fúnra wọn ń rí lórí ọjà tí ẹ ń rà.

Òfin ìpínlẹ̀ kò dọ́gba. Indiana, Iowa àti Washington ní òfin tó dín agbára olú iléeṣẹ́ kù láti fi dandan lé e pé ibì kan ṣoṣo ni ẹ ti lè rajà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè béèrè pé kí ọjà bá òṣùwọ̀n wọn mu. Ní ti ilé ẹjọ́, ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ jù. Àwọn tó gba franchise Chicken Delight jàre lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1971. Àwọn ti Domino's pàdánù ní 1997, torí pé ilé ẹjọ́ wò ó pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀.

Ọ̀nà tó dára jù níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájùmọ̀rajà. Burger King ní RSI láti 1991, Subway ní IPC, Wendy's ní QSCC. Bí orúkọ tí ẹ ń lò bá ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé olùpèsè yín lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ sí i

Ẹ má já ẹni àtijọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ máa ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí ọ̀nà ibẹ̀ má baà dí. Ẹ bá ẹni tuntun ṣe àdéhùn ní kíkọ lórí owó àti bí ó ṣe lè yí padà. Kí ó wà nínú àdéhùn náà pé bí wọ́n bá yí ibi iṣẹ́, èròjà tàbí oko tí ọjà ti ń wá padà, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín ṣáájú, torí pé ibi iṣẹ́ kan pàtó ni ìfọwọ́sí náà dúró lé.

Lójoojúmọ́ tí ọjà bá dé, kí ẹni tó gbà á:

- wọn òtútù rẹ̀ kó tó já a sílẹ̀ nínú ọkọ̀
- wo déètì àti nọ́ńbà ara páálí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀
- wọn páálí kan nínú mẹ́wàá
- dá èyí tí kò bá òṣùwọ̀n mu padà lójú ẹsẹ̀, kó sì gba ìtọwọ́bọ̀ awakọ̀

Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé NAFDAC, ínṣọ́ránsì àti ìfọwọ́sí olú iléeṣẹ́ máa parí sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta.